Bí Ọmọ Ogun Tuntun Bá Ṣèṣe ní Ibi Ìdánilẹ́kọ̀ọ́: Ohun tí Ẹbí Lè Ṣe kí Wọ́n Tó Dá a Padà Sílé

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ ní Kétu

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti Ìlárá àti Pọ́bẹ̀ wá, ẹ kú ewu ọ̀nà.

Láti oṣù kìíní ọdún 2022 tí wọ́n ti kó àwọn sójà lọ ṣọ́ àríwá orílẹ̀-èdè Benin wa lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n sọ ní Mirador, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ológun kò wọ́n lẹ́nu àwọn ọmọ wa mọ́. Bí ọmọ bá wọlé, ilé á pa ewúrẹ́, aládùúgbò á bá wọn yọ̀. Oṣù méjì kò tíì pé, fóònù á dún: ẹsẹ̀ ń dun ọmọ, kò lè sáré mọ́, ọ̀gá kan sì ti ní kó máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ìpè yẹn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Ìgbà púpọ̀, kì í ṣe eegun tó sán ló ń lé ọmọ jáde ní bárékè. Ó pẹ́ kó tó sọ, kò sí ìwé tó fi hàn pé ẹnu iṣẹ́ ló wà tó fi ṣèṣe, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí eegun kò tíì jinná. Gbogbo ohun tí ẹbí bá ń sá kiri ṣe, kó jẹ́ láti gba àkókò fún un. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ bí a bá ka iye ọ̀sẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ náà. Ọmọ tó jẹ́ pé zémidjan ló ń gbé e lọ síbi gbogbo ló ṣàdédé ń rin kìlómítà 10, kìlómítà 15, pẹ̀lú bàtà líle lẹ́sẹ̀ àti ẹrù lẹ́yìn. Bí iṣẹ́ tuntun bá dé bá eegun, ara á kọ́kọ́ họ èyí tó ti rẹ̀ kúrò kó tó fi tuntun dí àyè rẹ̀, bí ẹni tó ń tún ògiri amọ̀ ṣe: ó gbọ́dọ̀ hú èyí tó ti jẹrà kúrò ná, ihò á sì wà níbẹ̀ títí tuntun á fi gbẹ. Bí àwọn ará ilé bá ń fara ti ògiri náà lásìkò yẹn, á sán. Ìdí nìyẹn tí ìrora yìí kì í fi í yọjú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkeje ló sábà máa ń dé. Kò sí ìṣubú, kò sí ẹ̀jẹ̀, ojú lásán kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀gá tí kò bá mọ̀ á ní ọ̀lẹ ni.

Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ní ọdún 1855, dókítà ológun kan ní Prussia, Breithaupt, ti kọ̀wé nípa àwọn sójà tí ẹsẹ̀ wọn ń wú tó sì ń dùn wọ́n lẹ́yìn ìrìn gígùn. Kò mọ ohun tó fà á, nítorí pé ọdún 1895 ni Röntgen tó ṣàwárí ìtànṣán tí a fi ń ya àwòrán eegun. Ìgbà tí wọ́n ya ẹsẹ̀ ni wọ́n rí i pé eegun ló sán. Títí di òní, àwọn tó ń sọ Faransé ṣì ń pè é ní *fracture de marche*, ìyẹn eegun sísán láti ara ìrìn. Àwọn eegun gígùn tó wà lókè àtẹ́lẹsẹ̀, pàápàá èkejì àti ẹ̀kẹta láti ọ̀dọ̀ àtàǹpàkò, ojúgun, gìgísẹ̀, àti ọrùn eegun itan níbi tó ti wọ ìbàdí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù.

Ọmọ lè fi ìka kan yẹ ojúgun ara rẹ̀ wò. Kó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti orúnkún wá sísàlẹ̀. Bí ìrora bá tàn káàkiri tó sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀gbẹ́ inú ojúgun, tó sì ń rọlẹ̀ bí ara bá ti móoru, iṣan àti awọ tó bo eegun ló bínú. Ìsinmi díẹ̀ á tó o. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo tí kò ju owó ẹyọ lọ ló ń dùn ún gan-an, tí ìrora náà ń le sí i bó ṣe ń sáré, tó tún wá ń dùn ún nígbà tó bá ń sinmi lálẹ́, kó má ṣe sáré mọ́ títí dókítà á fi rí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: wọ́n ya àwòrán lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àwòrán kò fi nǹkan kan hàn, nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nǹkan kan, wọ́n sì dá ọmọ padà sórí pápá. Sísán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í sábà hàn lórí radio, ìyẹn àwòrán eegun yìí. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí eegun tuntun tó ń hù yí i ká tó hàn. IRM, ẹ̀rọ míì tó ń ya àwòrán inú ara, a máa fi í hàn kíákíá, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, kò sì sí ní gbogbo ilé ìwòsàn. Ohun tí ọmọ yóò fi ọ̀wọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n kọ ọjọ́ àwòrán kejì sínú ìwé rẹ̀, kí wọ́n sì dá a dúró ní sísáré títí di ọjọ́ náà.

Ọrùn eegun itan yàtọ̀ sí gbogbo èyí tó kù. Bí ọmọ bá sọ pé ibi tí itan ti so mọ́ ikùn ló ń dun òun, níwájú, tó sì ń tiro bó ṣe ń rìn, kó má fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ mọ́. Ọ̀pá abẹ́ apá méjì, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní kó fi ẹsẹ̀ kan fò kí àwọn lè wò ó. Bí sísán náà bá wà lápá òkè ọrùn eegun, ó lè dá sí méjì pátápátá. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sórí eegun lè gé, orí eegun náà á sì kú. Iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú ìdè irin ló kù nígbà náà. Èyí ló ń parí iṣẹ́ sójà ju gbogbo rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ìsinmi tó bá tètè dé ì bá ti gbà á là.

Nǹkan mẹ́ta míì ń fara jọ eegun sísán yìí. Bó bá fi ọrùn-ẹsẹ̀ rọ́, tí kò lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tàbí tí orí eegun kókósẹ̀ ń dùn ún bí a bá tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n ya àwòrán. Bí ẹsẹ̀ láti orúnkún sísàlẹ̀ bá le gbandi, tí ìrora rẹ̀ kọjá ohun tí ojú rí, tí ìka ẹsẹ̀ ń kú tipiri, iṣẹ́ abẹ kíákíá ni. Wákàtí mẹ́fà ti pọ̀ jù láti dúró. Ẹ̀kẹta kan àwa ará ibí gan-an: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS lè ṣe iṣẹ́ sójà dáadáa, àmọ́ eré àsápajúdé nínú oòrùn láìmu omi lè mú kí iṣan rẹ̀ máa yọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ṣubú láìdákú, tí itan àti ẹ̀yìn ń dùn ún burúkú, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí Coca, kíndìnrín ló wà nínú ewu. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó lọ, kó sì sọ ọ́ fún dókítà àgọ́. Kò yẹ kó máa fi í pamọ́.

A mọ̀ pé ibi tí ọkàn ọ̀pọ̀ yín ń lọ ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun. A kò tàbùkù iṣẹ́ wọn. Ọwọ́ wọn ti tún ọ̀pọ̀ eegun ṣe ní ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà ní bárékè yàtọ̀. Eegun tó sán láti ara ìrìn kò yẹ̀ kúrò ní ipò, kò sí ohun tí a ó fà, kò sí ohun tí a ó tò. Bí wọ́n bá sì fi igi àti aṣọ dì í jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè kọjá, ẹsẹ̀ lè kú. Ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ tún wà: ọmọ tó bá yọ́ jáde lóru nítorí ẹsẹ̀ ti di ẹni tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹjọ́ ẹsẹ̀ ṣeé rò. Ẹjọ́ sísá kò ní alágbàwí.

Oògùn ìrora ńkọ́? Paracetamol kò burú: 1 gíráàmù lẹ́ẹ̀kan, kó má ju gíráàmù 4 lọ láàárín wákàtí 24. Ibuprofen kò dára fún ẹni tó ń làágùn tí kò sì mu omi tó, nítorí kíndìnrín. Tramadol tí wọ́n ń rà lẹ́bàá títì ni kí ẹ bẹ ọmọ pé kó má fọwọ́ kàn rárá. Á pa ìrora, ọmọ á sáré lórí eegun tó sán, sísán á di dídá. Bí wọ́n bá sì bá a nínú àpò rẹ̀, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti ìṣègùn, ó di ti ìjìyà.

Ó kan ìwé. Ọmọ tó bá káwọ́ sókè ló ní ká gbé òun. Èyí tó bá dákẹ́ nítorí kí wọ́n má bàa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Lọ́jọ́ tó bá ti rò ó pé ìrora yìí kò dára, kó lọ síbi àyẹ̀wò àárọ̀ ní *infirmerie*, ibi ìtọ́jú inú àgọ́, kó sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú *registre*, ìwé àkọsílẹ̀ wọn: ọjọ́, wákàtí, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ẹsẹ̀ wo, ta ló wà níbẹ̀. Bí wọn kò bá gbà kó fi fóònù ya á, kó kọ nọ́ḿbà ojú ìwé àti ọjọ́ náà sínú ìwé kékeré tirẹ̀. Irú gbólóhùn báyìí ló wúlò níbẹ̀: «Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìrìn kìlómítà 12 pẹ̀lú ẹrù. Láti kìlómítà 8, ojúgun òsì ń dùn mí lójú kan, ìka mẹ́rin sókè ọrùn-ẹsẹ̀. Mo sọ fún olùkọ́. Ọjọ́rú, mo lọ sí infirmerie, wọ́n fún mi ní ìsinmi ọjọ́ 3.» Ẹni tó kọ «ẹsẹ̀ ń dùn mí» lásán kò tíì kọ nǹkan kan.

Ìwé méjì ni kí ẹbí máa béèrè lọ́wọ́ ọmọ lórí fóònù dípò kí ẹ máa béèrè bóyá ó ti jẹun. Àkọ́kọ́ ni *certificat médical initial*, ìwé tí dókítà kọ nígbà tó kọ́kọ́ rí i. Èkejì ni *rapport circonstancié*, tí ọ̀gá rẹ̀ kọ láti ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìwé méjèèjì ló ń fi hàn pé ẹnu iṣẹ́ ló wà tó fi ṣèṣe. Láìsí wọn, ẹni tó ń ka fáìlì lọ́jọ́ iwájú lè sọ pé ó gbé àrùn náà wá láti ilé ni. Níbi èyí náà, òtítọ́ dára: bó bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún rí, tó sì fi pamọ́ nígbà àyẹ̀wò ìwọlé, àpá kì í parọ́. Kó tètè sọ ọ́.

*Exemption*, ìwé tó dá a sí, gbọ́dọ̀ sọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ní pàtó: sísáré, ìrìn gígùn, ẹrù gbígbé, fífò. «Ìsinmi ọjọ́ 3» tí wọ́n ń tún kọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tó sì ń lọ sí ìrìn láàárín wọn, kò wo eegun kankan sàn. Irú rẹ̀ la máa ń rí jù, òun ló sì ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ jù.

Ẹ wá jẹ́ ká ka ọ̀sẹ̀ náà. Eegun òkè àtẹ́lẹsẹ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ojúgun ń gba 8 sí 12. Ọrùn eegun itan ń gba oṣù púpọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpadàbọ̀, tí kò ṣeé kánjú sí. Ọjọ́ tó bá lè rìn fún ìṣẹ́jú 30 láìní ìrora, fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, tí ojú ibẹ̀ kò sì dùn ún mọ́ bí ìka bá tẹ̀ ẹ́, ló lè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: kó sáré ìṣẹ́jú 1, kó rìn ìṣẹ́jú 4, lẹ́ẹ̀marùn-ún, kó sì fo ọjọ́ kan kó tó tún ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kejì: eré 2, ìrìn 3. Ẹ̀kẹta: eré 3, ìrìn 2. Ẹ̀kẹrin: eré 4, ìrìn 1. Ilẹ̀ tó tẹ́ ni kó lò, bàtà rírọ̀, kó má sáré lórí ọ̀dà. Bí ìrora bá padà, ọjọ́ méjì ìsinmi, kó sì padà sí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ìgbà tó bá ti ń sáré ìṣẹ́jú 20 láìdúró ni bàtà sójà tó kàn, ẹrù ló sì gbẹ̀yìn: kìlógíráàmù 5, kó máa fi 2 tàbí 3 kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ kó wọn pọ̀: oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ká tó dé orí ẹrù. Ọmọ kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Kò sí bí baba ṣe lè mọ ọ̀gágun tó, eegun kò ní torí rẹ̀ yára. Nítorí náà ohun kan ṣoṣo tó bọ́gbọ́n mu láti béèrè ni pé kí wọ́n dá a dúró báyìí, kí wọ́n jẹ́ kó bá àwọn tí wọ́n máa gbà lẹ́yìn wọn bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe àbá tó ṣàjèjì. Ní Lympstone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn Royal Marines ti ń kọ́ṣẹ́, ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Hunter fún àwọn tó bá ṣèṣe. Bí ara wọn bá yá, wọ́n á wọ ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní Faransé, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdánwò, wọ́n sì lè fi oṣù mẹ́fà kún un lẹ́ẹ̀kan nítorí àìlera. Ẹ ka ìwé àdéhùn tí ọmọ yín fọwọ́ sí, kí ẹ wá gbólóhùn tó sọ nípa ìdánwò àti àìsàn.

Lóúnjẹ, ẹ má fi owó ṣòfò lórí oògùn alágbára tí wọ́n ń polówó. Ní ọdún 2008 wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí obìnrin tó lé ní 5,000 tó ń kọ́ṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà: àwọn tó ń gba mílígíráàmù 2,000 kálísíọ̀mù àti 800 UI fítámì D lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8 ní eegun sísán tó fi bí ìdá kan nínú márùn-ún kéré sí ti àwọn tí kò gbà á. Kálísíọ̀mù wà nínú wàgàsì, nínú ẹja wẹ́wẹ́ tí a jẹ teegunteegun, nínú ẹ̀fọ́. Bí ẹ bá rí àyè bẹ ọmọ wò, wàgàsì díndín sàn ju bísíkítì lọ. Sìgá ń dá ìjinná eegun dúró. Ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́ta láìlóyún kò jẹun tó fún iṣẹ́ tó ń ṣe, eegun rẹ̀ sì ń san gbèsè rẹ̀. Kó sọ fún dókítà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ń ṣe ju bí a ṣe rò lọ. «Má dójú tì wá o» ni ìyá máa ń sọ, ìfẹ́ ló sì fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ gbọ́ ni pé kó máa sáré lọ. Ẹ sọ pé: «A ti gbọ́. Kí ni dókítà kọ? Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kó o padà wá?» Bó bá ń sọ pé òun kò wúlò mọ́, tí kò sùn, tí kò gbé fóònù mọ́, tàbí tó ń sọ ọ̀rọ̀ ikú, ẹ pe ọ̀gá rẹ̀ tàbí àlùfáà àgọ́ lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ sì sọ ọ́ lójú ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n baba tó mọ kọ́nẹ́ẹ̀lì, ẹ jẹ́ kó jókòó ná. Ọ̀gá tí wọ́n bá ti òkè tì máa ń le sí ọmọ náà ni.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu *réforme*, ìyẹn ìyọnisílẹ̀ nítorí àìlera, ìbéèrè kan ló borí: ṣé àìlera náà jẹ́ ti ìgbà díẹ̀ ni àbí ti títí láé? Ní ìlànà tí àwọn Faransé fi ń díwọ̀n ìlera sójà, tí wọ́n ń pè ní SIGYCOP, lẹ́tà I ló dúró fún ìbàdí àti ẹsẹ̀, nọ́ḿbà 1 ló dára jù, 6 ló burú jù. Lẹ́tà T lẹ́yìn nọ́ḿbà túmọ̀ sí pé ìgbà díẹ̀ ni. T yẹn ni kí ọmọ máa wá nínú ìwé rẹ̀. Kó kó àwòrán méjèèjì dání, ìwé dókítà tó sọ iye ọ̀sẹ̀ tí yóò gbà, ìwé *kiné* (ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti eegun) tó bá ti rí i, àti lẹ́tà ojú kan ní Faransé tó ní ìpín mẹ́ta péré: ohun tó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, ibi tí ìwòsàn dé, àti ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó bá ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ bẹ̀rẹ̀. Kó má fi ẹjọ́ olùkọ́ kankan sínú rẹ̀.

Àwọn kan á gbé ìwé wá kó fọwọ́ sí pé òun fúnra òun ló fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, pé ọ̀nà yẹn yá jù. Kó má fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń lọ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀tọ́ sí ìwòsàn àti owó àìlera tó lè tọ́ sí i. Kó fi ọ̀wọ̀ sọ pé òun fẹ́ kà á fún àwọn òbí òun ná.

Bí wọ́n bá yọ ọ́ sílẹ̀, kó kọ ọjọ́ tó gba ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbuwọ́lù rẹ̀, nítorí ọjọ́ yẹn ni oṣù méjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Láàárín oṣù méjì náà ni kó kọ *recours gracieux*, lẹ́tà pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, sí ẹni tó fọwọ́ sí ìpinnu náà, tàbí *recours hiérarchique* sí ọ̀gá ẹni náà. Oṣù méjì míì láìsí èsì túmọ̀ sí pé wọn kò gbà, ilé ẹjọ́ ìṣàkóso ló sì kù, pẹ̀lú agbẹjọ́rò. Ẹ gba ẹ̀rí pé wọ́n gba lẹ́tà yín.

Kó tó jáde ní ẹnu géètì, kó gba ẹ̀dà ìwé ìṣègùn rẹ̀ pátá, àwọn àwòrán eegun fúnra wọn, àti ìwé tó sọ ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́. Ẹ lọ fi òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà wọn, kí ẹ sì gbé ojúlówó pamọ́ síbi tí òjò kò lè dé. Bó bá tún wù ú lọ́jọ́ iwájú láti gbìyànjú Police Républicaine tàbí àṣọ́bodè, ìdánwò eré sísá náà wà níbẹ̀; kó ti sáré láìní ìrora fún oṣù mẹ́fà kó tó forúkọ sílẹ̀, kó sì mú àwòrán tó fi hàn pé eegun ti so lọ́wọ́ lọ síbi àyẹ̀wò.